Ẹ má dí olú iléeṣẹ́ wa nímú: lẹ́tà ṣíṣí sí Alága àti Ìgbìmọ̀ Olùdarí

Sí Alága wa àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Olùdarí,

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Èmi ni mo ṣe olórí àwọn tó ń tọ́jú olú iléeṣẹ́ wa kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ sí yín ní ìdákọ́ńkọ́ kò rí èsì, ìwé iṣẹ́ sì ti bọ́ sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba báyìí, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́, kí àwọn ayàwòrán-ilé gbọ́, kí àwọn tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ wa náà gbọ́.

Mo ti ka ìwé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fẹ́ yọ gbogbo fèrèsé tó ń ṣí kúrò, kí ẹ fi gíláàsì tí kì í ṣí rọ́pò wọn. Ẹ fẹ́ kan sílíìnì bo dẹ́kìn ní gbogbo àjà. Ẹ fẹ́ da kọnkéré dí gbàgede tó ṣí sílẹ̀ láàárín ilé láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé kí àyè tábìlì lè pọ̀ sí i. Ẹ fẹ́ gé igi inú àgbàlá, kí ẹ dí adágún omi òjò, kí ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọn yóò wá fi páànù tí wọ́n tẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ bo iwájú ilé, kí ó lè jọ ewé. Ìwé náà pe àpapọ̀ iṣẹ́ yìí ní títún ilé ṣe kó lè bá ìṣẹ̀dá mu. Gbólóhùn yẹn ni n kò lè gbé mì.

1. Páànù kò lè sọ ilé di ohun tó bá ìṣẹ̀dá mu

Frank Lloyd Wright, ayàwòrán-ilé ọmọ Amẹ́ríkà tó sọ irú ilé kíkọ́ yìí di mímọ̀ káàkiri, kò fi ìrísí ewé tàbí ti òdòdó ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kí ilé ti inú ibi tó wà jáde, kí iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe nínú rẹ̀ sọ bí yóò ṣe rí, kí òpó, ògiri, ìmọ́lẹ̀ àti àga sì jẹ́ ara kan náà, débi pé bí ẹ bá yọ ọ̀kan, ìyókù kò ní dúró dáadáa mọ́.

Ẹ wo olú iléeṣẹ́ Johnson Wax ní Racine, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1936, tí wọ́n parí ní 1939. Òpó inú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ tín-ín-rín nísàlẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23 péré, orí rẹ̀ sì fẹ̀ bí ewé òṣíbàtà, ó lé ní mítà 5 láti etí kan dé èkejì. Àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ náà kò gbà pé ohun tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ lè gbé òrùlé. Wọ́n ní àfi kí ó gbé tọ́ọ̀nù 12 lójú àwọn. Ní 1937, wọ́n gbé òpó kan dúró, wọ́n ń to ẹrù lé e lórí, ó gbé 12, wọn kò dúró, wọ́n ń to ẹrù lọ títí ó fi dé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60 kó tó wó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú ìtàn yìí ju agbára òpó lọ. Ohun tó jọ ewé ní orí òpó yẹn ni òrùlé fúnra rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ewé kan àti èkejì ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gbà wọlé. Inú òpó ṣófo, ibẹ̀ sì ni omi òjò orí òrùlé ń bá sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ohun kan ṣoṣo ń ṣe, ẹwà rẹ̀ sì ti inú iṣẹ́ náà wá.

Páànù tiyín ńkọ́? Ìwé iṣẹ́ kò sọ pé yóò ṣíji bo fèrèsé. Kò sọ pé yóò gba omi òjò tàbí pé yóò darí afẹ́fẹ́. Ó kàn sọ pé yóò hàn dáadáa bí wọ́n bá tan iná sí i lálẹ́.

Ẹnìkan nínú yín lè dá mi lóhùn pé Wright fúnra rẹ̀ ti dí fèrèsé pa rí. Òtítọ́ ni. Ilé ìṣàkóso Larkin tó kọ́ fún iléeṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan ní Buffalo, tí wọ́n parí ní 1906, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ilé náà wà. Àárín iléeṣẹ́ ẹ̀rọ àti ojú irin ni, èéfín èédú ọkọ̀ ojú irin bo gbogbo àyíká. Ló bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba òkè wọlé, kí wọ́n sẹ́ ẹ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ibi tó wà ló ní kí ó dí fèrèsé pa. Ibi tí tiwa wà kò sọ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ tó sì tutù ń fẹ́ dé ẹnu fèrèsé wa lálaalẹ́, ẹ sì fẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

2. Bí ilé yìí ṣe ń tutù láìsí ẹ̀rọ amúlétutù

Ibí yìí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí ó dá mi lójú pé kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Dẹ́kìn ilé wa, ìyẹn kọnkéré tó wà lókè orí òṣìṣẹ́ ní àjà kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò ni. Àwọn kan máa ń rò pé owó ló tán tí wọn kò fi bò ó. Rárá o. Dẹ́kìn tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20 wúwo tó nǹkan bíi kílò 480 lórí mítà kan níbùú lóòró. Ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ènìyàn kan tó jókòó nídìí iṣẹ́ ń tú ooru tó tó wọ́ọ̀tì 100 jáde lára. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń tú tirẹ̀, iná ń tú tirẹ̀, oòrùn tó wọlé ń fi kún un. Gbogbo ooru yìí ń gòkè lọ bá kọnkéré, kọnkéré sì ń fà á mu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ara òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ìta ti tutù, àwọn fèrèsé kéékèèké tó wà lókè, lẹ́bàá dẹ́kìn, á ṣí. Afẹ́fẹ́ tútù á gba abẹ́ dẹ́kìn kọjá, á máa kó ooru ọ̀sán lọ díẹ̀díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, kọnkéré ti ṣetán láti gba ooru ọjọ́ mìíràn.

Mo máa ń gun àkàbà fọwọ́ kan dẹ́kìn kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Bí ó bá tutù lọ́wọ́, mo mọ̀ pé ọjọ́ náà yóò lọ dáadáa. Bí ó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo mọ̀ pé fèrèsé òkè kan wà níbì kan tí kò ṣí mọ́jú, n óò sì lọ wá a kàn. Irinṣẹ́ tó ń ka ìwọ̀n ooru wà lára ògiri, ohun tí ọwọ́ mi bá sọ náà ni òun náà máa ń sọ.

Sílíìnì tí ẹ fẹ́ kàn yóò ya afẹ́fẹ́ yàrá nípá kúrò lára kọnkéré. Ooru kò ní rí ibi tí yóò wọ̀ sí, yóò dúró sábẹ́ sílíìnì, lórí àwọn òṣìṣẹ́. Gíláàsì tí kì í ṣí yóò lé afẹ́fẹ́ òru padà. Dẹ́kìn yóò wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, kò sì ní ríṣẹ́ ṣe mọ́. Nígbà náà, ẹ̀rọ amúlétutù di dandan, láti àárọ̀ dé alẹ́, títí ilé náà yóò fi gbó. Ó dà bí ẹni tó fi òwú dí ọmọ nímú, tó wá ń náwó sórí ẹ̀rọ tí yóò máa bá a mí.

Ìwé iṣẹ́ ka iye tí ẹ óò fi ra ẹ̀rọ náà. Kò ka iye iná mànàmáná tí yóò máa jẹ lóṣooṣù, kò ka owó àtúnṣe, kò sì ka ti ọjọ́ tí yóò gbó tí ẹ óò ní láti ra òmíràn. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ìṣirò owó jẹ́ iṣẹ́ yín: irú ìṣirò wo nìyẹn?

Ilé Eastgate ní Harare, tí Mick Pearce yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1996, ọgbọ́n kan náà ló ń lò: afẹ́fẹ́ òru, kọnkéré tó wúwo, àti ọ̀nà gíga tí ooru ń gbà jáde lórí òrùlé. Ọ̀gán ikán ni ayàwòrán-ilé náà wò kọ́gbọ́n. Àwọn onímọ̀ tó tún ọ̀gán yẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé atẹ́gùn kì í rìn nínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rò nígbà yẹn. Síbẹ̀, ilé náà ń ṣiṣẹ́. Ìdí ni pé wọn kò ya ìrísí ọ̀gán lò. Ìlànà ni wọ́n mú, wọ́n sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kó lè bá ilé àti ènìyàn mu. Ẹ̀yin fẹ́ ṣe òdìkejì rẹ̀ gan-an: ẹ mú ìrísí, ẹ pa ìlànà.

3. Ẹjọ́ ooru tí ẹ fi kan ilé náà

Ìwé yín sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ apá ìwọ̀-oòrùn ń ráhùn ooru lọ́sàn-án. Wọ́n ń ráhùn lóòótọ́, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ohun tó fà á ṣojú mi, n kò sì rí i kà níbì kankan nínú ìwé náà.

Àwọn pákó ìbòòrùn tó wà níta fèrèsé apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n tú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ kun ilé. Wọ́n kó wọn sí àjà ilẹ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Wọ́n kun ilé tán, kò sí ẹni tó fọwọ́ sí owó tí wọn yóò fi dá pákó padà sáyè wọn. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, eruku ti bò wọ́n, orúkọ àjà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti wá ṣì wà lára wọn tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Láti ìgbà yẹn ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé tààrà. Ìráhùn pọ̀, ẹ ra aṣọ fèrèsé. Aṣọ fèrèsé kò lè ṣe iṣẹ́ pákó. Pákó tó wà níta ń dá oòrùn dúró kó tó kan gíláàsì. Nígbà tí oòrùn bá fi máa kan aṣọ, ó ti wọlé, ooru rẹ̀ sì ti di ti inú yàrá.

Èkejì wà lórí òrùlé. Lókè gbàgede ni àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké wà tí mọ́tò máa ń ṣí kí ooru lè jáde. Mọ́tò wọn jóná lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ̀wé béèrè fún tuntun, èsì tó wá ni pé kí a dúró de ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, èsì kan náà ni. Nígbà tí òjò gba ẹnu ìlẹ̀kùn tí kò lè padé mọ́ wọlé, àṣẹ wá láti òkè pé kí wọ́n ti gbogbo wọn pa. Wáyà ni wọ́n fi so wọ́n. Wáyà náà ti dípẹtà, ó sì ti jẹ wọnú irin tí wọ́n so ó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tú u báyìí yóò ní láti fi ayùn gé e.

Ilé tí wọ́n ká ìbòòrùn rẹ̀ kúrò, tí wọ́n so ọ̀nà ooru rẹ̀ pa, òun ni ẹ wá ń sọ pé kò lè tutù. Ẹ fi ìwé ìráhùn àwọn òṣìṣẹ́ wé ọjọ́ tí wọ́n tú pákó sílẹ̀. Ìwé méjèèjì wà ní ọ́fíìsì àwọn olùtọ́jú. Kí wọ́n tó tú pákó, ìráhùn apá ìwọ̀-oòrùn kò yàtọ̀ sí ti apá yòókù.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín láti rí èyí láti ibi tí ẹ wà. Yàrá ìpàdé yín ní ẹ̀rọ amúlétutù tirẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì máa ń wà ní títì nítorí ariwo. N kò fi ìyẹn bú yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ilé gbé bó ṣe ń mí kò yẹ kó dá ẹjọ́ rẹ̀ láìpe ẹlẹ́rìí.

4. Gbàgede kì í ṣe òfìfo

Ìwé yín pe gbàgede ní àyè tí a kò lò. Àyè tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù nínú ilé náà nìyẹn. Ooru gbogbo àjà ibẹ̀ ló ń dojú kọ, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó ń gòkè, bó sì ṣe ń gòkè ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá da kọnkéré dí i ní àjà kọ̀ọ̀kan, fèrèsé tí ẹ ì bá tiẹ̀ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí kò ní rí ohun tí yóò fa afẹ́fẹ́ gba ẹnu rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ojú ọ̀sán tó gba fèrèsé wọlé kì í rìn jìnnà. Bí ènìyàn bá ti kúrò nídìí fèrèsé ju nǹkan bí ìlọ́po méjì sí méjì ààbọ̀ gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ lọ, yóò tan iná láti fi kàwé. Ní yàrá tí orí fèrèsé rẹ̀ ga ní mítà 3, ìyẹn jẹ́ mítà 6 sí 7 ààbọ̀. Àwọn tábìlì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ilé wa, ojú gbàgede ni wọ́n ti ń rí ọ̀sán. Ẹ fẹ́ kó tábìlì tuntun sí gbàgede, ẹ óò sì fi èyí sọ tábìlì àtijọ́ sínú òkùnkùn. Iná ni ẹ óò tàn fún méjèèjì, iná yẹn náà á sì tún máa mú ooru wá.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí àwọn olùdarí bíi tiyín ti ṣe rí. Nígbà tí báǹkì NMB, tó padà di ara ING, fẹ́ kọ́ olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sí gúúsù ìlà-oòrùn Amsterdam, ìgbìmọ̀ rẹ̀ sọ fún àwọn ayàwòrán-ilé, Ton Alberts àti Max van Huut, pé kí ilé náà bá ìṣẹ̀dá mu, kí oòrùn, omi, ewéko àti iṣẹ́ ọnà wà nínú rẹ̀, kí ó má jẹ iná púpọ̀, kí owó rẹ̀ má sì fi gúlìdà kan (owó ilẹ̀ Netherlands nígbà náà) ju ti ilé ọ́fíìsì mìíràn lọ lórí mítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóòró. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1987. Wọn kò kọ́ ilé gogoro kan. Ilé-ìṣọ́ mẹ́wàá ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní kọ́lọkọ̀lọ, ògiri wọn dagun, kò sì sí tábìlì òṣìṣẹ́ tó jìnnà sí fèrèsé ju mítà 7 lọ. Nígbà tí báǹkì náà wà níbẹ̀, omi máa ń ṣàn ní àwọn ibì kan lára ibi tí ènìyàn ń fọwọ́ dì mú bó bá ń gun àtẹ̀gùn. Ìròyìn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ sọ pé iná tó ń jẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ilé wọn àtijọ́ ń jẹ, àti pé àìwá-síṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ dín kù. Onílé-owó ni wọ́n, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Owó ni wọ́n mọ̀ ju ohunkóhun lọ, kọ́lọkọ̀lọ ilé wọn sì wá láti inú ìṣirò oòrùn àti afẹ́fẹ́.

Bí ẹ bá sọ pé ilé kúkúrú ni tiwọn, ẹ wo ilé Commerzbank ní Frankfurt, tí Norman Foster yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1997. Ó ga ní mítà 259. Onígun mẹ́ta ni, àárín rẹ̀ ṣófo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọgbà mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ga tó àjà mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣí fèrèsé lókè lọ́hùn-ún. Ẹ ronú iye tábìlì tí wọn ì bá tò sí ibi ọgbà wọ̀nyẹn. Wọ́n ṣe ìṣirò náà, wọ́n sì fi ọgbà sílẹ̀.

5. Igi àti adágún

Èyí kò gùn. Igi inú àgbàlá ló ń tu afẹ́fẹ́ lára kó tó dé ẹnu fèrèsé àjà ìsàlẹ̀. Adágún ló ń gba omi òjò orí òrùlé, tó ń jẹ́ kí ó rọra wọ ilẹ̀. Bí ẹ bá dí i, tí ẹ da ọ̀dà lé e, omi kan náà yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà, ọ̀nà tó sì dagun jù nínú àgbàlá yẹn dojú kọ ẹnu ọ̀nà àjà ilẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ iná wà. Mo ti fi èyí hàn wọ́n lórí àwòrán ilé, mo fi pẹ́ńsù pupa yí i ká.

Ní 1984, Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè relé ju àwọn tí tiwọn kọjú sí ògiri bíríkì lọ, oògùn ìrora tó lágbára tí wọ́n lò sì kéré. Òṣìṣẹ́ wa kì í ṣe aláìsàn, ṣùgbọ́n ojú wọn náà ń wá ibi ìsinmi. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wò.

6. Irú ilé yìí ní àléébù, mo gbà

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ ilé di òrìṣà. Àwọn ọ̀pá gíláàsì tí Wright fi ṣe ojú òrùlé Johnson Wax jò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé-ìṣọ́ ìwádìí tí wọ́n kọ́ tì í, tí wọ́n parí ní 1950, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní, ó sì há, kò bá òfin ààbò iná mu, wọ́n sì tì í pa ní 1982. Kí ni iléeṣẹ́ náà wá ṣe? Wọ́n lo ohun èlò tuntun níbi tó ń jò, wọ́n tún ilé-ìṣọ́ náà ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àlejò ní 2014. Títí di òní, olú iléeṣẹ́ wọn ni.

Larkin kò rí irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ náà rẹ̀yìn, ilé bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó wà láìsí ìtọ́jú, wọ́n sì wó o ní 1950. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé kí ibẹ̀ di ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn kò kọ́ ọ. Òpó bíríkì kan lára ògiri rẹ̀ ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Ilé tiwa náà ní tirẹ̀. Ẹnu fèrèsé àríwá máa ń jẹ́ kí òtútù wọlé, rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Ariwo gbàgede máa ń dààmú àwọn tó wà ní àjà kejì. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣeé tún ṣe, mo sì kọ bí a ṣe lè tún wọn ṣe sínú ìwé tí mo fi sílẹ̀ nígbà tí mo ń lọ. Kò sí èyí tó pọn dandan pé kí a tìtorí rẹ̀ dí ilé pa.

7. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín

Ẹ dá iṣẹ́ dúró. Kí agbaṣẹ́ṣe má fọwọ́ kan fèrèsé kankan títí tí onímọ̀ tí kò ní ìpín nínú títa ẹ̀rọ amúlétutù yóò fi yẹ ilé náà wò ní ìgbà ooru àti ní ìgbà òtútù. Ẹni tó kọ ìmọ̀ràn tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, iléeṣẹ́ tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún yín ló rán an wá. Orúkọ kan náà ló wà lórí ìwé méjèèjì.

Ẹ dá pákó ìbòòrùn padà sí apá ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n wà nílé, owó iṣẹ́ nìkan ló kù. Ẹ ra mọ́tò tuntun fún àwọn ìlẹ̀kùn orí gbàgede, kí ẹ sì gé wáyà wọ̀nyẹn kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ìgbà ooru kan gbáko kọjá, kí ẹ ka ìwọ̀n ooru ní àjà kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kí ẹ tó sọ pé ilé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ tẹ iye iná mànàmáná tí ilé náà jẹ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn jáde fún gbogbo òṣìṣẹ́ àti oníìpín, kí ẹ tẹ iye tí yóò máa jẹ lẹ́yìn àtúnṣe tí ẹ ń gbèrò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti àwọn òṣìṣẹ́, pẹ̀lú àwọn agbálẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ òru. Àwọn ẹ̀ṣọ́ òru ló mọ bí ilé yìí ṣe ń tutù ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní ohunkóhun.

Ẹ yọ páànù kúrò nínú ètò náà pátápátá. Owó rẹ̀ tó láti ṣe gbogbo àtúnṣe tí mo kà sílẹ̀ yìí, yóò sì ṣẹ́ kù. Mo fi iye tó wà nínú ìwé iṣẹ́ yín ṣe ìṣirò náà, mo sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé yín.

Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ ṣe ìpàdé yín tó ń bọ̀ ní àjà kẹta, apá ìlà-oòrùn, níbi tí pákó ìbòòrùn ṣì wà, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ má tan iná. Lẹ́yìn ìpàdé, kí ẹ bá mi gòkè lọ sórí òrùlé. Àwọn olùtọ́jú ní kọ́kọ́rọ́, èmi á mú ayùn tí a óò fi gé wáyà dání. Ẹ yan ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ sì fi í tó mi létí kí agbaṣẹ́ṣe tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olórí àwọn olùtọ́jú ilé tẹ́lẹ̀